Bí Ẹ Ṣe Lè Wo Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Ouro Preto, Kí Ẹ sì Rí Àwọn Tó Wa Wúrà Ibẹ̀

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń rìnrìn-àjò lọ sí Bràsíìlì ló máa ń yà sí ìlú Ouro Preto ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé àwọn ará Áfíríkà ló wa wúrà tó sọ ìlú náà di ńlá. Wọ́n á wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní gbàgede ìlú, wọ́n á wo ibùsùn àwọn ọlọ́lá, ọ̀pá fìtílà fàdákà àti ère àwọn ẹni mímọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì jáde láìrí ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn tí wọ́n torí wọn wá. Kì í ṣe pé ilé náà kò ní ohun tó kàn wọ́n. Ìtàn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ọlọ́lá ìlú gbèrò ní 1789 sí ìjọba Pọ́túgà tó ń ṣàkóso Bràsíìlì nígbà náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Inconfidência, ni wọ́n to ohun inú rẹ̀ yí ká, ẹni tó bá sì ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì láìní ètò tirẹ̀ yóò gbọ́ ohùn àwọn olówó, àwọn amòfin àti àwọn akéwì nìkan.

Ètò tí mo là sílẹ̀ níhìn-ín yí ọ̀nà náà padà. Ẹ ó kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń wa wúrà, kí ẹ tó lọ wo ohun tí wọ́n fi wúrà rà. Ọjọ́ méjì tó fún ìpele márùn-ún àkọ́kọ́. Ìpele kẹfà wà fún ẹni tó bá fẹ́ wá orúkọ èèyàn nínú ìwé àtijọ́, ìyẹn sì ní àsìkò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́

- Físà Bràsíìlì, bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ń lò.
- Bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú títì, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni gbogbo rẹ̀.
- Owó reais díẹ̀ ní ọwọ́, nítorí kì í ṣe gbogbo ibi ni ẹ ó ti lè fi káàdì sanwó.
- Káàdì akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ìwé tó fi hàn pé ẹ ti pé ẹni 60 ọdún. Òfin Bràsíìlì fàyè sílẹ̀ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ san ìdajì owó ìwọlé, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.
- Ìwé àkọsílẹ̀ àti pẹ́ńsù. Ẹ má gbára lé bírò nìkan, ìdí rẹ̀ máa hàn ní ìpele kẹfà.
- Fóònù tó ti gba èdè Potogí sílẹ̀ fún ìtumọ̀, kí ó lè ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì.
- Tọ́ọ̀ṣì kékeré kan.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ Potogí wọ̀nyí sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yín, nítorí àwọn ni ẹ ó máa bá pàdé lára gíláàsì àti lẹ́nu àwọn amọ̀nà. Batea ni ọpọ́n igi fífẹ̀ tí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí wọ́n fi ń ṣan wúrà. Almocafre jẹ́ ọkọ́ kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, carumbé sì ni ọpọ́n tí wọ́n fi ń ru yẹ̀pẹ̀ àti òkúta lórí. Mundéu ni kòtò olókùúta tí wọ́n mọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí omi ẹlẹ́rẹ̀ lè dúró síbẹ̀. Quinto ni owó òde ọba Pọ́túgà, èyí tó jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo wúrà. Senzala ni ibùgbé àwọn ẹrú, carta de alforria sì ni ìwé òmìnira.

Ìpele Kìíní: Ẹ mú ọjọ́ tó dára

Ọjọ́ Ajé ni ọ̀pọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà máa ń ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ Ajé bọ́ sáàárín ọjọ́ méjì tí ẹ bá mú. Ouro Preto jìnnà sí Belo Horizonte ní nǹkan bíi 100 kìlómítà, bọ́ọ̀sì sì máa ń lo bíi wákàtí méjì lójú ọ̀nà. Ẹ dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ sì sùn nítòsí Praça Tiradentes, tí í ṣe gbàgede àárín ìlú. Àpótí oníkẹ̀kẹ́ kò wúlò lórí àwọn òkúta yẹn, ẹni tó bá gba yàrá sí ìsàlẹ̀ òkè nítorí owó tí kò wọ́n yóò fi ẹsẹ̀ san ìyókù.

Òkè ni ìlú náà wà, ó sì ga ju 1,100 mítà lọ sí ojú òkun, nítorí náà alẹ́ oṣù kẹfà àti ìkeje máa ń tutù gan-an. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ni òjò máa ń pọ̀, òkúta ojú títì a sì máa yọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ 21 oṣù kẹrin. Ọjọ́ náà ni wọ́n pa Tiradentes, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ọ̀tẹ̀ 1789, ní 1792, lọ́dọọdún sì ni ìjọba ìpínlẹ̀ náà máa ń ṣe bí ẹni pé olú-ìlú wọn ti padà sí Ouro Preto fún ọjọ́ kan, gẹ́gẹ́ bó ti rí kí wọ́n tó gbé e lọ sí Belo Horizonte ní 1897. Àwọn èèyàn ńlá, ọlọ́pàá àti àwọn oníròyìn ló máa ń gba gbàgede náà kan. Ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún Carnaval àti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde náà kò dára fún ẹni tó fẹ́ wo nǹkan pẹ̀lú ìfarabalẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ti Belo Horizonte wá ní àárọ̀, kí ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò ní í lè wò ju ilé kan lọ, ilé tó sì wà níwájú rẹ̀ ní gbàgede ni yóò yàn.

Àyẹ̀wò: ẹ ti ní ọjọ́ méjì tó tẹ̀ léra tí ọjọ́ Ajé kò sí nínú wọn, ẹ sì ti béèrè wákàtí ìṣílẹ̀kùn lọ́dọ̀ ilé kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, nítorí wákàtí wọ̀nyí máa ń yí padà.

Ìpele Kejì: Ẹ kọ́kọ́ wọ inú ihò wúrà

Ẹ má tíì wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní wà fún ihò tí wọ́n ti wa wúrà, nítorí ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ihò náà rí kò ní í mọ ìdí tí ọkọ́ tó wà nínú gíláàsì fi kéré tó bẹ́ẹ̀.

Méjì ni wọ́n sábà máa ń júwe fún àlejò. Àkọ́kọ́ ni Mina do Chico Rei (ihò ìwakùsà ni mina níhìn-ín), tó wà láàárín ìlú ní agbègbè Antônio Dias. Ihò tóóró ni, ọwọ́ sì ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Èkejì ni Mina da Passagem, lójú ọ̀nà tó lọ sí ìlú Mariana, níbi tí ọkọ̀ kékeré tó ń tọ ojú irin yóò ti gbé yín lọ sí bíi 120 mítà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Èkejì yìí tóbi, ó sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ohun abúgbàmù tí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó kó wá ní ọ̀rúndún 19. Fún ohun tí a ń wá, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ni mo rọ̀ yín láti yàn. Bí ààyè bá wà lẹ́yìn náà, ẹ lè lọ sí èkejì.

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ jẹ́ kí amọ̀nà sọ tirẹ̀ tán, kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì yín sí ara ògiri. Ẹ wá ojú ibi tí irin ti gé òkúta, kí ẹ sì wo ìdúró ẹni tó gé e: ṣé ó lè nàró, àbí orí ìkúnlẹ̀ ló wà? Ẹ wo bí ihò náà ṣe ń yà sọ́tùn-ún àti sósì. Òkúta funfun tó là gẹ́gẹ́ bí iṣan láàárín òkúta pupa àti dúdú tí irin kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, nítorí ibẹ̀ ni wúrà máa ń wà. Ẹ wo omi tó ń sun lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì rántí pé kò sí ẹ̀rọ kankan tó ń fà á jáde fún ẹni tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìrìn wúrà sílẹ̀ láti inú ilẹ̀ títí dé ìta. Wọ́n á fi irin tú òkúta, wọ́n á fi almocafre wa á jọ, wọ́n á sì fi carumbé rù ú lórí jáde. Lóde, wọ́n á fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́, wọ́n á sì da omi lé e lórí pátákó gẹ̀rẹ́ tí wọ́n tẹ́ awọ màlúù onírun tàbí aṣọ onírun sí, kí wúrà tó wúwo lè há sínú irun nígbà tí ẹrẹ̀ bá ń bá omi lọ. Batea ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó yóò dúró sínú omi tútù, yóò máa yí ọpọ́n náà po, yóò sì máa jẹ́ kí omi gbé èyí tó fúyẹ́ dànù, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi igbá àti omi yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì, àfi pé níbi ti wúrà, ohun tó rì sí ìdí ni wọ́n ń wá. Láti òwúrọ̀ dé àṣálẹ́ ni iṣẹ́ yìí, iye wúrà tí ẹrú gbọ́dọ̀ gbé wá fún olówó rẹ̀ sì wà ní pàtó.

Ẹ kíyè sí ibi tí àwọn àlejò ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á sọ fún yín pé Chico Rei jẹ́ ọba ní ilẹ̀ Kóńgò, pé wọ́n kó o lẹ́rú wá, pé ó ra òmìnira ara rẹ̀ àti ti àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ra ihò wúrà yìí. Ìtàn tó gbajúmọ̀ ni, àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà sì dì í mú gidigidi. Síbẹ̀, inú àlàyé etí ìwé kan tó jáde ní 1904 ni ìtàn náà ti kọ́kọ́ hàn nínú ìwé títẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó rí àkọsílẹ̀ ìgbà ayé ọba náà. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu nínú ìwé yín, kí ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ fi ojú ara yín rí lára ògiri. Ẹni tó ra òmìnira rẹ̀ pọ̀ ní Minas Gerais, ìwé sì wà tó jẹ́rìí sí i, nítorí náà òtítọ́ kò nílò kí a fi ìtàn yìí gbè é lẹ́sẹ̀.

Àyẹ̀wò: láìwo ìwé yín, ẹ lè ka irinṣẹ́ náà tẹ̀ léra tẹ̀ léra láti ara òkúta títí dé ìdí batea. Bí ọ̀kan bá sọnù, ẹ béèrè lọ́wọ́ amọ̀nà kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.

Ìpele Kẹta: Museu da Inconfidência, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní gbàgede

Ọ̀sán ọjọ́ kìíní ni ti ilé yìí. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró ní àárín gbàgede kí ẹ sì wo ọ̀tún àti òsì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fúnra rẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn ìlú àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní bíi 1785, nígbà tí wúrà ti ń gbẹ. Ààfin àwọn gómìnà ló kọjú sí i lápá kejì, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìwakùsà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1876 wà lẹ́yìn náà. Ẹ̀wọ̀n lápá kan, gómìnà lápá kejì, àárín wọn sì ni wọ́n gbé orí Tiradentes kọ́ sórí òpó ní 1792, kí gbogbo ìlú lè rí i. Ère rẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí dé ní 1894.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ṣí ilẹ̀kùn fún ará ìlú ní 1944. Ìsàlẹ̀ ilé ni ẹ ti máa rí ohun tó jẹ mọ́ ìpilẹ̀ṣẹ̀ ìlú, iṣẹ́ ọwọ́, ìrìnnà, ìwakùsà àti ọ̀tẹ̀ náà. Òkè ni ohun èlò ilé, àwòrán àti ère ìsìn pọ̀ sí. Ẹwà òkè máa ń fa ojú, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn máa ń ná àsìkò wọn sí. Ẹ dá a padà: ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fún ní èyí tó pọ̀ jù nínú àsìkò yín.

Níwájú ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ béèrè ìbéèrè mẹ́ta, kí ẹ sì kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ta ló ṣe é? Ta ló gbé e, tàbí ta ló ń fi í ṣiṣẹ́? Ta ló ń jẹ èrè rẹ̀? Àlàyé ara gíláàsì sábà máa ń dáhùn ìkẹta nìkan. Ẹ mú àga aláṣọ tí wọ́n fi ń gbé ọlọ́lá kiri bí àpẹẹrẹ. Àlàyé rẹ̀ lè sọ irú igi tí wọ́n fi ṣe é àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àga náà kò lè rìn, ọkùnrin méjì ló ní láti gbé e lé èjìká gun òkè tí ẹ̀yin náà gùn ní àárọ̀. Bákan náà ni ti òkúta ọlọ́nà, ilẹ̀kùn ńlá àti ìṣó irin. Bí ẹ bá dé ibi irinṣẹ́ ìwakùsà, ẹ ṣí ojú ewé tí ẹ kọ ìrìn wúrà sí, kí ẹ sì fi ohun tó wà níwájú yín wé e. Nígbà yìí ni ẹ ó mọ ohun tí ihò tí ẹ wọ̀ ní àárọ̀ ṣe fún yín.

Yàrá tí wọ́n tẹ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ sí tún gba ìfarabalẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ni ọbabìnrin Pọ́túgà lé kúrò nílùú lọ sí Áfíríkà, àwọn kan sí Àǹgólà, àwọn mìíràn sí Mòsáḿbíìkì, ibẹ̀ ni wọ́n sì kú sí. Ní 1936 ni ìjọba Bràsíìlì kó egungun wọn padà wálé pẹ̀lú ọlá, ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1942 sì ni wọ́n ṣí yàrá yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ẹrú, Tiradentes pàápàá wà lára wọn. Mi ò sọ èyí láti bu iyì wọn kù. Ohun tó yẹ kí àlejò kíyè sí ni pé egungun àwọn tó kú sí Áfíríkà rí ọkọ̀ bá padà sí ìlú yìí, ṣùgbọ́n àwọn ará Áfíríkà tó kú sí ìlú yìí kò ní yàrá kankan tó jọ èyí.

Lókè, ẹ wá iṣẹ́ Antônio Francisco Lisboa, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Aleijadinho, tó kú ní 1814. Ará Pọ́túgà tó ń ya àwòrán ilé ni bàbá rẹ̀, obìnrin ará Áfíríkà tó wà lóko ẹrú ni ìyá rẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè àkọ́kọ́ yín wà ní kedere níbẹ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ má tan iná kámẹ́rà, ẹ má sì lo gbogbo àsìkò yín fún fọ́tò. Fọ́tò àlàyé ara gíláàsì wúlò ju fọ́tò ohun inú rẹ̀ lọ, nítorí ẹ lè túmọ̀ rẹ̀ bó bá yá.

Àyẹ̀wò: ẹ ti ní ó kéré tán ohun márùn-ún tí ẹ kọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún. Bó bá jẹ́ pé ohun olówó nìkan ni gbogbo wọn, ẹ padà sí ìsàlẹ̀.

Ìpele Kẹrin: Casa dos Contos, níbi tí owó òde ti ń kọjá

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ti ilé yìí, kò sì jìnnà sí gbàgede. Ọkùnrin tó ń gba owó òde fún ọba ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1780, ilé ìṣúra ìjọba ni wọ́n wá sọ ọ́ dà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá òkú akéwì Cláudio Manuel da Costa, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ̀tẹ̀, ní 1789. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè níbi tí owó onírin àti òṣùwọ̀n wà, kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ sí senzala ní abẹ́ ilé.

Àwọn èèyàn máa ń kọjá níwájú òṣùwọ̀n láìdúró, nítorí wọn kò mọ ohun tí orúkọ ara rẹ̀ túmọ̀ sí. Ẹ kọ èyí sílẹ̀, òṣùwọ̀n ìwúwo àtijọ́ ti Pọ́túgà ni gbogbo wọn: oitava kan jẹ́ bíi gíráàmù 3.6, oitava 64 ló wà nínú marco kan, arroba kan sì jẹ́ bíi kílò 14.7. Láti 1750, ọba béèrè arroba 100 wúrà lọ́dọọdún lọ́wọ́ gbogbo Minas, èyí tó sún mọ́ kílò 1,470. Ìbẹ̀rù pé wọ́n máa fi agbára gba gbèsè tó ti ń gorí ara wọn yìí ló bí ọ̀tẹ̀ 1789.

Wúrà kò gbọ́dọ̀ kúrò ní Minas ní ìyẹ̀fun. Wọ́n á gbé e lọ sí ilé ìyọ́wúrà, wọ́n á yọ ìdá kan nínú márùn-ún, wọ́n á sì sọ ìyókù di ọ̀pá tí wọ́n fi òǹtẹ̀ ọba, ọdún, nọ́ńbà, ìwọ̀n àti bí wúrà náà ti mọ́ tó sí lára. Ẹ fi ìṣirò yìí wò ó bóyá ó yé yín: lẹ́yìn òfin 1750, oitava kan ìyẹ̀fun wúrà tí wọn kò tíì yọ owó òde rẹ̀ jẹ́ réis 1,200 (réis ni owó Pọ́túgà ìgbà náà), èyí tí wọ́n ti yọ tirẹ̀ jẹ́ réis 1,500. Ohun tó wà láàárín méjèèjì ni ìpín ọba.

Láti 1735 títí di ìgbà òfin 1750 yẹn, orí ẹrú ni wọ́n ń ka owó òde náà lé, oitava mẹ́rin àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún. Nítorí èyí, wọ́n ní láti kọ orúkọ àwọn ẹrú sílẹ̀. Ẹ má gbàgbé kókó yìí, òun ló máa ṣílẹ̀kùn ìpele tó kẹ́yìn.

Abẹ́ ilé kò nílò àlàyé púpọ̀. Irin ìdè wà níbẹ̀, irinṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Ẹ wọlé, ẹ wo bí òrùlé ṣe ga tó àti ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí ẹ sì ka iye ìgbésẹ̀ láti ibẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn tí àwọn ọlọ́lá ń gbà.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá rí iye kan tí wọ́n kọ ní oitava lára gíláàsì, ẹ lè sọ ọ́ di gíráàmù lórí ìdúró.

Ìpele Karùn-ún: Ṣọ́ọ̀ṣì Santa Efigênia ní Alto da Cruz

Òkè yìí le, ẹ mú omi dání. Ẹgbẹ́ Rosário, ẹgbẹ́ ìjọ Kátólíìkì ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ló kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1733, ó sì gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Irú ẹgbẹ́ báyìí ló ń sin òkú àwọn ọmọ ẹgbẹ́, òun ló ń tọ́jú aláìsàn, òun ló sì ń yan ọba àti ayaba tirẹ̀ fún ọdún ẹgbẹ́. Ọmọ Yorùbá tó mọ bí ẹgbẹ́ ṣe ń rí nílé kò ní í nílò kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìyẹn fún òun.

Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ gbójú sókè kí ẹ wá póòpù aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yà sí abẹ́ òrùlé. Àwọn amọ̀nà yóò tún tọ́ka sí ohun tí wọ́n ní ó jọ owó ẹyọ lára iṣẹ́ ọnà pẹpẹ. Ẹ wò ó fúnra yín kí ẹ tó gbà. Wọ́n á tún sọ fún yín pé àwọn obìnrin máa ń fi ìyẹ̀fun wúrà pamọ́ sínú irun, wọ́n á sì wá fọ̀ ọ́ sínú agbada omi mímọ́ kí wọ́n lè fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Abẹ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ìyẹn náà ń lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chico Rei.

Àyẹ̀wò: ojú ewé yín ti pín sí méjì, ohun tí ẹ rí wà lápá kan, ohun tí wọ́n sọ fún yín wà lápá kejì.

Ìpele Kẹfà: Fún ẹni tó ń wá orúkọ

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Inconfidência ní ibi ìpamọ́ ìwé tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Casa do Pilar, níbi tí ìwé ìpín-ogún, ìwé ìhágún àti ìwé ẹjọ́ láti ọ̀rúndún 18 wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn ní èdè Potogí ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ sì sọ irú ìwé àti sáà ọdún tí ẹ fẹ́ wò. Ẹni tó bá kàn kan ilẹ̀kùn láìsọtẹ́lẹ̀ lè padà lófo. Pẹ́ńsù ni wọ́n sábà máa ń fàyè gbà níwájú ìwé àtijọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ mú un wá.

Ìwé ìpín-ogún ló dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀, nítorí láàárín ìkòkò, ẹṣin àti almocafre ni wọ́n máa ń ka àwọn ẹrú sí, pẹ̀lú orúkọ, ọjọ́ orí, iye owó àti ibi tí wọ́n gbà pé wọ́n ti wá. Orúkọ ìrìbọmi ló máa ń ṣáájú, orúkọ ẹ̀yà á sì tẹ̀ lé e: Mina, Angola, Benguela, Courano, àti Nagô, tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe Yorùbá. Crioulo ni ẹni tí wọ́n bí sí Bràsíìlì. Forro ni ẹni tó ti gba òmìnira, coartado sì ni ẹni tó ń san owó òmìnira rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àṣà tó wọ́pọ̀ gan-an ní Minas.

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń kù gìrì. Bí wọ́n bá ti rí Mina, wọ́n á ní Yorùbá ni. Etíkun tí àwọn Potogí ń pè bẹ́ẹ̀ gùn láti ibi tó di Gánà lónìí wá sí ìhà tiwa, àwọn ọkọ̀ Bahia, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, tó ń kó tábà lọ sí Ouidah ní ilẹ̀ tó di Benin lónìí ni wọ́n sì gbé púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wọ̀nyí wá. Wọ́n níye lórí lójú àwọn onílé wúrà, débi pé ní 1726, gómìnà Rio de Janeiro kọ̀wé pé kò sí awakùsà tó lè ṣe kí ó má ní obìnrin Mina, nítorí wọ́n gbà pé àwọn ló ń mú oríire wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará Pọ́túgà kan kọ àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní agbègbè yìí sílẹ̀ ní 1741, èdè tó sún mọ́ Fọ̀n ló kọ, kì í ṣe Yorùbá. Ọ̀rúndún 19, lẹ́yìn tí ogun ti tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ni àwọn tiwa pọ̀ rẹpẹtẹ ní Bahia, nígbà tí wúrà Minas ti lọ sílẹ̀. Nítorí náà, Nagô ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá rí Mina, ẹ kọ Mina sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ sì wá ìwé mìíràn nípa ẹni kan náà, bí ìwé ìrìbọmi, ìgbéyàwó tàbí òmìnira, nítorí akọ̀wé kan lè kọ ohun tó ṣe pàtó ju ti èkejì lọ.

Lẹ́yìn Casa do Pilar, ẹ lọ sí Arquivo Público Mineiro ní Belo Horizonte fún àwọn ìwé owó òde orí ẹrú. Ọwọ́ ìkọ̀wé ayé ìgbà náà ṣòro kà. Ẹ mú ojú ewé kan ṣoṣo, ẹ dà á kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan títí ọwọ́ akọ̀wé náà yóò fi mọ́ yín lójú, kí ẹ tó ṣí òmíràn.

Àyẹ̀wò: fún orúkọ kọ̀ọ̀kan tí ẹ rí, ẹ ti kọ nọ́ńbà àpótí ìwé, ojú ewé, ọdún, orúkọ olówó ẹrú náà, àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yà náà gẹ́lẹ́ bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́, kí ẹlòmíràn lè lọ tún un wò láìbi yín léèrè.